Agbègbè Karùn-ún

Lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ wọlé sí Ìkéré
ni Adérìnọ́lá dé láti Bọ́tímọ̀.
Oṣù mẹ́fà ló fi bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun.
Ó kó ọṣẹ dé, ó kó bàtà tí kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu dé,
ó wá fa páálí pẹlẹbẹ kan yọ láàrin ìró méjì,
àwo rọ́bọ́tọ́ wà nínú rẹ̀,
ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin awó.
"Dọ́là mẹ́rin. Èmi fúnra mi ni mo rà á.
Fíìmù tí yìnyín ń bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
Mo sọ ọ́ lórí fóònù títí, o ní mò ń purọ́.
Jókòó. Wò ó."

Mo jókòó. Iná wà, ìyanu.
Ẹ̀rọ wa gbé àwo náà mì, ó yí i, ó kùn,
ó tu ú síta.
Ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé agbègbè kò bára mu.
Mo fi etí aṣọ nu àwo. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i.
Ìyàwó mi ní kí n gbá ẹ̀rọ lórí. Mo gbá a.
Ó tún tu ú.

Ọmọ Fátúrótì, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-epo,
kò tilẹ̀ tú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn páálí ló yí padà,
ó fi àwòrán ayé kékeré kan hàn mí
tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kò ju ojú ẹja lọ.
"Bàbá, ení nìyí. Amẹ́ríkà ló ni ení.
Àrún ni tiwa. Àwa, Íńdíà, Rọ́ṣíà."
Mo ní, Rọ́ṣíà wo? Ta ló pè wá jókòó?
Nígbà wo ni wọ́n pín ilé ayé bí ẹni pín oko ogún,
tí wọn ò ránṣẹ́ pè mí wá di okùn mú?
Ní oko bàbá mi, pèrègún la fi ń mọ ààlà,
ojú rí i, ọwọ́ olè sì lè fà á tu lóru.
Pèrègún ta ni wọ́n gbìn sínú àwo tó ń dán bí omi?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ kò burú, àwo kò burú,
ọ̀kan ò kàn gbọ́ èdè ọ̀kan ni.
Èyí yé mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà l'Ékòó,
bí mo bá ní "ulé", wọn a wò mí bí ẹni tó sọnù.
Ilé kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà ni,
wọn ò ṣáà jẹ́ n wọlé.

Ó la ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, ó mú rìmóòtù,
ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí kò jẹ́ kí n rí,
ó fi òdo parí rẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ tó bá ti gba òdo
kì í bèèrè ìlú ẹni mọ́.
Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Ó ní bí àwòrán bá yọ láìláwọ̀, kí n má wá bá òun jà,
ẹjọ́ tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ó ti darúgbó.

Lálẹ́, àwo wọlé, kò jáde mọ́.
Àwòrán yọ. Láìláwọ̀ lóòótọ́:
funfun, dúdú, eérú,
bíi fọ́tò ìgbéyàwó wa.
Yìnyín ń bọ́. Yìnyín ò pàdánù nǹkan kan.
Ó ń bọ́ sórí òrùlé, sórí ẹṣin, sórí ọkùnrin kan
tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí kò mọ̀ bóyá kí òun kàn án.
Níta, ọyẹ́ ti bo Olósùnta mọ́lẹ̀,
ètè mi ti là,
mo rò pé òtútù fíìmù ni.

Ṣùgbọ́n Adérìnọ́lá kò gbà.
Ó sún mọ́ mi, ó ń nàka sójú gíláàsì:
"Ẹ̀wù obìnrin yẹn, pupa ni. Pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀.
Ilẹ̀kùn yẹn, àwọ̀ ewé. Ìbọ̀wọ́ ọmọ yẹn,
dúró, ìbọ̀wọ́ yẹn..."
Ó dákẹ́. Ó ti gbàgbé.
Mo ní kó jẹ́ àyìnrín.
Ó wò mí. Ó ní, "O ò sí níbẹ̀."
Mo ní, "Mo mọ̀.
Jẹ́ kó jẹ́ àyìnrín."